Ìbọn Tí A Gé Kò Dé Orí Bàtà

Joseph ti sọ fún Salman Àtàndá pé kò gbọdọ̀ fi pákó sin òun. Ó sọ ọ́ lójúkojú, ó tún sọ ọ́ lórí fóònù, ó sì sọ ọ́ kẹ́yìn lórí ibùsùn ọsibítù nígbà tí ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"O gbọ́, Salman? Pákó tí ẹgbẹ́ ṣọ́jà wa fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ibojì àwọn ará wa, ẹ má gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Ìbọn ni mo gbé lọ sógun."

"Mo gbọ́."

"Tí o bá sì ti dorí ìbọn kodò, o ò gbọdọ̀ gbé e kúrò títí mo fi máa pàṣẹ."

"Ìwọ tó ti kú ni yóò pàṣẹ?"

"Ta ló máa ń pàṣẹ tẹ́lẹ̀? Dúró dè mí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mojọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí Joseph bí, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní kí wọ́n yé sọ̀rọ̀ ikú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Joseph ti lọ.

Ọmọ Ẹdẹ ni àwọn méjèèjì. Salman jẹ́ Mùsùlùmí, Joseph jẹ́ Onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọ iṣẹ́ ṣọ́jà nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Irú ìbọn kan náà ni wọ́n sì kó fún wọn, ìbọn gígùn onígi tí wọ́n ń pè ní Máàkì Fọ́ọ̀. Lójú ogun, tí wọ́n bá sin ẹnìkan nínú wọn, ṣọ́jà kan á dúró sí orí ibojì. Á dorí ìbọn rẹ̀ kodò, á gbé ẹnu rẹ̀ lé orí bàtà òsì, á pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sórí ìdí ìbọn, á sì tẹrí ba. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní tẹ̀. Orí nìkan ló ń tẹ̀. Salman ni wọ́n sábà máa ń yàn láti dúró nítorí pé kì í mì. Joseph ló máa ń pàṣẹ nítorí pé ohùn rẹ̀ ń dé òdìkejì odò. Nígbà tí ogun parí, wọ́n jọ ṣèlérí pé ẹni tó bá kù yóò dúró fún ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ.

Ìbọn kò sí lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ wọn ní Ẹdẹ gbẹ́ pákó kan bí ìbọn, wọ́n kùn ún ní dúdú, òun ni wọ́n fi ń sin ara wọn. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọdé máa ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, àwọn àgbà sì máa ń ṣe bí ẹni pé àwọn kò gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ikú Joseph, Salman wọ aṣọ, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó jókòó síbẹ̀ títí ọ̀gá fi dá a lóhùn. Ohun tí ọ̀gá sọ kò lọ́jú pọ̀. Ẹgbẹ́ lè ní ìbọn àtijọ́ kan ṣoṣo, tí alágbẹ̀dẹ ìbọn tó níwèé àṣẹ bá ti yọ abẹ́rẹ́ tó ń lu ọta kúrò nínú rẹ̀, tó sì ti fi irin dí ọ̀pá rẹ̀. Wọn yóò kọ nọ́ńbà ìbọn náà sórí ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọn yóò kọ ọ́. Tí ẹgbẹ́ bá mú èyí tí kò dára, èyí tí kò dára náà ni wọn yóò máa lò títí ayé.

Mojọlá ní òun ni yóò ra ìbọn náà. Òṣìṣẹ́ ni ní yunifásítì kan tí ìjọ dá sílẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ jáfara. Kí ó tó di ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó ti rí ọ̀kan ní Awo.

"Máàkì Fọ́ọ̀ gan-an ni, Bàbá," ó wí fún Salman nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń bá lọ síbẹ̀ ní Wẹ́sìdeè. "Ó ń dán bí dígí. Kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní mọ̀ pé èèyàn ńlá là ń sin."

"Ó gùn?"

"Ìbọn ni, Bàbá. Báwo ló ṣe máa kúrú?"

Káyọ̀dé, alágbẹ̀dẹ ìbọn tó níwèé àṣẹ ní Awo, ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn ọdẹ agbègbè yẹn ni oníbàárà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé ìbọn náà jáde nínú aṣọ funfun.

"Bàbá Ṣọ́jà, ẹ wo nǹkan! Tí ẹ bá gbé èyí lọ síbi ìgbéyàwó, ìyàwó á fi ọkọ sílẹ̀, á tẹ̀ lé yín."

"Ibojì ni mò ń gbé e lọ."

"Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ká ṣàwàdà díẹ̀."

Salman gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Irin rẹ̀ ń tàn. Igi rẹ̀ pupa, fánìṣì ti jẹ́ kó dán. Wọ́n de awò gígùn kan mọ́ orí rẹ̀ tí ọdẹ lè fi rí ẹran lókèèrè. Okùn awọ tuntun ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ jù. Salman wo ẹnu rẹ̀.

"O gé e."

"Ó yẹ kí n gé e! Ìbọn gígùn ń kọ́ ìtàkùn nínú igbó, Bàbá. Igi tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wúwo bí ọlọ. Mo yọ ọ́ dà nù, mo fi tuntun sí i."

"Èyí tí o gé dà?"

Káyọ̀dé nawọ́ sí ibi ẹyin iná. Ọ̀pá irin kúkúrú kan wà níbẹ̀, orí rẹ̀ ti dúdú. "Òun ni mo fi ń rú iná."

Salman dúró ṣánṣán láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó kó gìgísẹ̀ pọ̀, ó dorí ìbọn náà kodò. Ó gbé ọwọ́ lé ìdí rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ṣọ́jà máa ń wà. Ẹnu ìbọn náà kò dé orí bàtà rẹ̀. Ó ń fì lókè ọrùn ẹsẹ̀ bí agogo. Ó rẹ ọwọ́ sílẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi kan bàtà. Nígbà náà ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yọ sẹ́yìn.

Káyọ̀dé fa bíríkì kan wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì lé e, Bàbá. Wàhálà tán."

"Kí n gbé ẹsẹ̀ lé bíríkì nídìí ibojì?"

"A lè fi aṣọ bò ó."

Mojọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Salman dá ìbọn náà padà sínú aṣọ funfun rẹ̀.

"Káyọ̀dé, o kò ba nǹkan jẹ́. Ọdẹ lo ṣe é fún. Fún ọdẹ, ó dára. Èmi kò lè lò ó."

Ní ìta, Mojọlá di apá mọ́ àyà. "Bàbá, Sátidé ni ìsìnkú. Ọjọ́ mélòó ló kù? Ta ni yóò máa wo ẹsẹ̀ yín?"

"Èmi ni mo máa dúró lórí rẹ̀. Mo máa mọ̀."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Tí mo bá tẹ̀ síwájú báyẹn, kì í ṣe ìdúró mọ́. Ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọ nù nínú koríko ni mo máa jọ. Bàbá rẹ kò ní kí n wá abẹ́rẹ́ fún òun."

"Bàbá mi fẹ́ràn ohun tó dán."

"Bàbá rẹ fẹ́ràn bàtà tó dán. Bàtà mi ti dán."

Káyọ̀dé tẹ̀ lé wọn jáde. Inú kò bí i. Ó ti mọ̀ pé kò ní tà á, ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ṣe wọ́n láǹfààní. Ó ní ọ̀kan wà ní Alájue tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ayùn kàn, ti Jibril ọdẹ tó ti kú. Òun ti bẹ ìyàwó rẹ̀ títí, kò gbà.

"Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀ fún yín o. Ó burẹ́wà. Adìyẹ gan-an kò ní sùn lé e."

Ìyàwó Jibril ni Fàtímọ̀. Wọ́n bá a níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó wo bàtà Salman, ó wo àpò ọwọ́ Mojọlá, kò sì dá ọ̀bẹ dúró.

"Ṣé Káyọ̀dé ló rán yín? Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ sọ fún un pé ayùn rẹ̀ kò ní jẹ irin ọkọ mi."

"Àwa ò wá gé e, Ìyá," ni Salman wí. "A fẹ́ fi ojú rí i ná."

Ó gbà wọ́n láyè wọlé. Ìbọn náà dúró lára ògiri yàrá, lórí ìṣó méjì, ẹnu rẹ̀ kọjú sí àjà. Ìpẹta ti mú irin rẹ̀. Igi rẹ̀ ti ṣú, ó ti là níbi ọrùn, Jibril sì ti fi awọ awọ́nríwọ́n dì í yípo. Awọ náà ti gbẹ mọ́ igi bí èèpo. Mojọlá fi ọwọ́ bo imú nítorí eruku. Salman bẹ̀rẹ̀ sí wo nọ́ńbà. Ó wo èyí tó wà lára irin, ó wo èyí tó wà lára ọ̀pá kékeré tí a fi ń ti ọta wọlé. Ọ̀kan náà ni. Kò sí ohun tí wọ́n pààrọ̀ lára rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Fàtímọ̀ béèrè.

"Mo fẹ́ fi sin ọ̀rẹ́ mi." Salman mú igi kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi hàn án bí ṣọ́jà ṣe ń ṣe é.

Ojú Fàtímọ̀ yí padà. "Ẹ dẹ́nu rẹ̀ kọlẹ̀? Ó tì o! Jibril kì í dẹ́nu ìbọn kọlẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò ṣe é rí. Ní ilé yìí, ọdẹ tó bá dẹ́nu ìbọn kọlẹ̀ ń sọ fún igbó pé òun kò wá mọ́."

"Ohun tí ṣọ́jà ń sọ náà nìyẹn, Ìyá."

"Ẹ̀n?"

"Ẹni yìí kò wá mọ́. Kí ìbọn máà retí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ tí a fi ń dorí rẹ̀ kodò nìyẹn."

Fàtímọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ ìbọn náà. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Nígbà tí Jibril kú, àwọn ọdẹ tó kù ló gbé e kọ́ síbẹ̀ yẹn. Ẹnu sókè. Bí ẹni pé Jibril yóò mú un lọ sóko ọdẹ lálẹ́. Lójoojúmọ́ tí mo bá jí, òun ni mò ń kọ́kọ́ rí. Ó ń dúró dè é." Ó yíjú sí Mojọlá. "Ìwọ ni o fẹ́ rà á?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?"

Mojọlá wo ìpẹta, ó wo awọ awọ́nríwọ́n. "Rárá, mà. Ṣùgbọ́n òun ni Bàbá fẹ́."

"O ò purọ́. Ó dáa." Fàtímọ̀ dìde. "Màá tà á. Ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ ṣe é fún Jibril. Lẹ́yìn ilé ló wà. Ẹ sọ fún ìbọn náà níwájú mi pé kò wá mọ́."

Salman gbé ìbọn náà kúrò lórí ìṣó. Ìwúwo rẹ̀ bọ́ sí èjìká rẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n lọ sẹ́yìn ilé. Ibojì Jibril wà lẹ́bàá igi ọsàn, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Salman dúró sí orí rẹ̀, ó kó gìgísẹ̀ pọ̀, ó yí ìbọn náà po. Ẹnu rẹ̀ bà lé orí bàtà òsì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá ìdí rẹ̀ níbi tó yẹ kí ó wà, ní ìsàlẹ̀ àyà. Ó tẹrí ba. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúró bí òpó.

Mojọlá kò rí i rí bẹ́ẹ̀. Pákó ẹgbẹ́ ló mọ̀, àwọn arúgbó tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nídìí rẹ̀ ló sì mọ̀. Kò sí ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ níbí yìí. Ìbọn náà kò burẹ́wà mọ́ níbi tó wà. Ó gùn tó bó ṣe yẹ kó gùn, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Fàtímọ̀ fi etí gèlè nu ojú. "Ó tó, Bàbá. Ó ti gbọ́."

Salman gbórí sókè, ó gbé ìbọn padà sí èjìká. Jibril kì í ṣe ṣọ́jà. Àṣẹ ìyàwó rẹ̀ tó.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Káyọ̀dé kó lè pa iná rẹ̀ bí ọlọ́pàá ṣe wí. Salman fa àga sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó jókòó.

"Bàbá Ṣọ́jà, ẹ lọ sinmi. Tí mo bá ti parí, màá pè yín."

"Mo ń sinmi."

"Ẹ ò fọkàn tán mi?"

"Ayùn rẹ ni mi ò fọkàn tán."

Káyọ̀dé yọ abẹ́rẹ́ náà níṣojú Salman. Ó fi irin dí ọ̀pá náà láti inú, ó jó o pọ̀. Ẹnu rẹ̀ kò sinmi títí tí ìpè àdúrà Jímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Salman wo ìbọn, ó wo ọ̀nà mọ́sáláṣí. Kò tíì pa Jímọ̀ jẹ rí láìṣe pé ó ń ṣàìsàn. Ó yíjú sí Mojọlá.

"Jókòó síbí."

"Kí ni n ó ṣe?"

"Jókòó ni."

Ó lọ. Káyọ̀dé sì parí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó wo ìbọn náà, ó sì dùn ún. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í jẹ́ kí ohun tó dọ̀tí jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó mú sáńpépà, ó ṣí agolo fánìṣì, ó sì mú ọ̀bẹ kan láti fi gé awọ awọ́nríwọ́n kúrò.

"Kí lo fẹ́ ṣe?" Mojọlá béèrè.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣe díẹ̀, Àǹtí. Ọ̀fẹ́ ni. Kí Bàbá tó dé, ẹ ò ní dá a mọ̀ mọ́."

"Fi sílẹ̀."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ fún mi ní Wẹ́sìdeè pé ohun tó dán lẹ fẹ́!"

"Èmi ni mo sọ ọ́."

"Ó dọ̀tí, Àǹtí. Báyìí lẹ ṣe máa gbé e síwájú pásítọ̀? Síwájú gbogbo èèyàn? A kì í gbé ohun tí kò mọ́ wá síwájú àgbà."

Ọ̀bẹ náà ti kan awọ. Mojọlá dìde, ó gbé ọwọ́ lé ìbọn náà láàárín ọ̀bẹ àti igi.

"Bàbá mi náà gbó kó tó kú. A ò kùn ún ní fánìṣì."

Káyọ̀dé wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó dé agolo. "Ọmọ ṣọ́jà," ó wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti Bàbá yẹn, orí kunkun kan náà."

Nígbà tí Salman dé, ó fi ọwọ́ tọ́ ìbọn náà láti ìdí dé ẹnu. Ó fọwọ́ kan awọ awọ́nríwọ́n, ó rí ojú ọ̀bẹ kékeré kan lára rẹ̀, ó wo Mojọlá. Kò dúpẹ́. Ó gbé ìbọn náà fún un pé kó gbé e dé ọkọ̀.

Ní Sátidé, òòrùn mú. Itẹ́ òkú ìjọ kún. Àwọn ará ẹgbẹ́ ṣọ́jà wọ fìlà wọn, àwọn ará ilé Àtàndá wá pẹ̀lú Salman, wọ́n dúró lẹ́yìn. Pásítọ̀ wàásù, ó sì pẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ pósí kalẹ̀, Salman bọ́ síwájú sí orí ibojì. Ó yí ìbọn po. Ẹnu rẹ̀ bà lé bàtà. Ó tẹrí ba.

Àwọn ọmọdé tí wọ́n ti ń retí pákó láti fi rẹ́rìn-ín wò ó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn.

Wọ́n bu erùpẹ̀ dà sí i. Wọ́n dí ibojì náà títí ó fi kún. Wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí lọ síbi tí wọ́n ti ta kánópì sí. Salman kò kúrò. Òógùn ń ro ní àgbọ̀n rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ará ẹgbẹ́ sún mọ́ ọn. "Salman, ó tó. Wọ́n ti parí."

Salman kò gbórí sókè.

"Ṣé o fẹ́ kú síbí ni? Gbé ìbọn jàre."

Ẹni náà nawọ́ sí ìbọn. Ọwọ́ Salman le mọ́ ìdí rẹ̀. Fawziyah, ọmọ rẹ̀, ti ń ké láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n mú omi wá, bàbá òun kò mọ ibi tó wà mọ́. Ṣùgbọ́n Salman mọ ibi tó wà. Ó ń dúró de àṣẹ.

Mojọlá ti dé abẹ́ kánópì kó tó wẹ̀yìn. Ó rí àwọn tó yí Salman ká, ó rí orí rẹ̀ tó tẹ̀, ó sì rántí ibùsùn ọsibítù. Dúró dè mí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ máa ń to àwọn ọmọ àdúgbò sórí ìlà, á sì ní kí Mojọlá pàṣẹ fún wọn. Ó máa ń bá a wí pé ohùn rẹ̀ wà lọ́fun. "Fà á láti inú ikùn, Mojọlá. Ẹni tó wà lódìkejì odò ni kó gbọ́."

Ó bọ́ bàtà onígìgísẹ̀, ó sáré padà. Ó ní kí gbogbo wọn yàgò. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ ibojì, ó kọjú sí Salman, ó kó gìgísẹ̀ pọ̀ lórí erùpẹ̀ tútù. Ó fà á láti inú ikùn.

"Gáàdì! Àtẹ́ńṣàn!"

Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Lábẹ́ kánópì, wọ́n gbé síbí sílẹ̀.

Orí Salman gbéra sókè. Ìbọn náà kúrò lórí bàtà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó yí po, ó bọ́ sí èjìká rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì pàdé pẹ̀lú ariwo. Lórí bàtà òsì rẹ̀ tó ti kùn títí tó fi ń dán, ẹnu ìbọn ti tẹ àmì róbótó kan. Kò nù ún.